Ìdáhùn Tí Mo Lọ Wá sí Sokodé

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Kambolé. Mo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa sínú àpò ìrẹsì òfìfo, mo sì fi ìró àtijọ́ wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ ìkókó. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé bí eruku bá wọ inú rẹ̀, kí n má wulẹ̀ padà síbi iṣẹ́. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò jáde sí gbàgede, nítorí ó ṣì wà nínú opó. Oṣù kẹta rẹ̀ ni, ó sì ku díẹ̀ kí ó pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn wa là sílẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú.

"Ràmátù," ó ní, "bí ó bá fún ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí kò bá fún ọ, má bá a jà."

"Ìgbà wo ni mo máa ń bá ènìyàn jà?"

Ó mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá lọ kí ẹ tó bá mi wọkọ̀. Bàbá mi, Sùlè, tó jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n, ti jẹ́ olórin rí. Ní àwọn ọdún ọgọ́ta, kí àwọn ológun tó gbàjọba, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìrì Òwúrọ̀. Mùmúní ló ń ta gìtá, èyí tó rà ní Gánà nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ kòkó, òun náà ló sì ń lé orin. Bùrèmọ́ ń lu àpótí. Bàbá mi ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbe orin. Orin tí àwọn bàbá wọn ń kọ lóko nígbà ebè àti nígbà ìkórè ni wọ́n mú, wọ́n fi gìtá Gánà sí i lábẹ́, àwọn ọ̀dọ́ láti Kambolé dé Koussountou sì ń jó o. Díìsìkì kan péré ni wọ́n ṣe ní Lomé, èyí kékeré olójú méjì, orin kan lójú kan. Wọn kò lókìkí. Bí ẹ bá béèrè Ìrì Òwúrọ̀ ní Lomé lónìí, wọn á rò pé ọṣẹ ni.

Màmá mi kò gbọ́ orin náà rí. Manigri, ní ìhà Benin, ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti tú ká. Bùrèmọ́ ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, Mùmúní ti kó lọ sí Sokodé, bàbá mi sì ti fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ há àjà. Kò kọrin mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún mẹ́rìnlélógún lòun àti màmá mi fi jọ gbé. Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, gbogbo ẹni tó ti dàgbà díẹ̀ nínú àwọn tó wá kí wa ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn ọkọ rẹ, wọ́n ní, bí ó bá gbe orin ní Kambolé, wọ́n á gbọ́ ọ ní Goubi. Màmá mi ń mi orí, ó ń sọ pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá wa sí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ohùn ọkọ mi, àfi èmi. Ní tèmi, kìkì pé ó máa ń kùn lóko bí ó bá ń kọ ebè. Á pa ẹnu dé, á máa kùn ṣáá. Mo rò pé ebè ló ń kà."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún, nítorí èmi náà kò gbọ́ ọ rí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi mí sí, n kì í bá wọn lọ oko. Ọkàn mi fà sí ohùn kan tí n kò mọ bó ṣe rí, ó sì yà mí lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè máa dun ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa ló sọ pé díìsìkì kan ṣì kù láyé, pé ọwọ́ Mùmúní ló wà. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sokodé nìyẹn, kí màmá mi lè gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kí ó tó bọ́ aṣọ opó.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Tchamba láàárọ̀ ni èyí tí a ń pè ní bàṣé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n fi tapólì bò. Ọ̀ọ́dúnrún fáránkì ni owó rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la wà lẹ́yìn, pẹ̀lú àpò àgbàdo mẹ́fà àti ewúrẹ́ méjì. Awakọ̀ wa, Táírù, ọkùnrin tó máa ń jẹ obì láti ìdájí, wo àpò mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Rédíò."

"Rédíò á san àádọ́ta."

"Orí itan mi ló máa jókòó."

"Itan yín wà nínú ọkọ̀ mi, tíṣà."

Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ fún un. Táírù fi ìka di etí kan, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Àwọn ewúrẹ́ ti ń gbọ̀n." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo san àádọ́ta náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní kíláàsì mi, àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì tó kàn wá máa ń dáhùn ìbéèrè tí mo bi àwọn tèmi.

Ọyẹ́ ti mú gan-an. Ọ̀nà náà pupa, ó gbẹ, ihò inú rẹ̀ sì tó èyí tí ènìyàn lè gbin iṣu sí. Kí a tó rìn ìdajì ọ̀nà, gbogbo wa ti di àwọ̀ kan náà, ẹni tó dúdú àti ẹni tó pupa. Mo tẹ̀ bo rédíò náà, mo fi ẹ̀yìn gba eruku. Lápá ọ̀tún wa ni oko iṣu wà, wọ́n ti wa iṣu tán, ebè ti ya lulẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń rántí bàbá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi. Mo fẹ́ kí ó wà láàyè, kí n bá a ṣe àríyànjiyàn.

A dé Tchamba kí aago méje tó lù. Ọjọ́ ọjà ni. Mo mu ògì gbígbóná, èyí tí wọ́n ń pè ní kókó níbẹ̀, fáránkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo fi àkàrà mẹ́ta sí i. Ní Kambolé, bí o bá ra àkàrà, alákàrà á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè bàbá rẹ, ìyá rẹ, oko rẹ, kí ó tó bù ú fún ọ. Ní Tchamba, owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. N kò bá wọn wí, èrò ló pọ̀. Ọkọ̀ Sokodé kò tíì kún, nítorí náà mo jókòó sórí àpótí kan ní gáréèjì fún wákàtí méjì.

Ní pápá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin kan ń ṣe ìdánrawò. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, àwòrán Ọ̀gá Àgbà orílẹ̀-èdè wà láyà aṣọ náà, ó sì tún wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ń jó, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Animásíọ̀n ni a ń pè é, ijó àti orin ìyìn tí wọ́n ń fi dandan mú aráàlú ṣe fún un, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n. Òun ló tú Ìrì Òwúrọ̀ ká. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn olórin àgbègbè wa pé kí wọ́n máa fi orúkọ Ọ̀gá Àgbà sínú orin wọn. Bàbá mi gbé orin ebè yẹ̀ wò lọ síwá sẹ́yìn, ó ní òun kò rí ibi tí orúkọ náà lè gbà wọlé. Mùmúní rí ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Wọn kò jà, wọn kò bú ara wọn, wọn kò sì tún fojú kan ara wọn mọ́. Nílé wa, Mùmúní ni ẹni tí a kì í dárúkọ. Mo sì ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un, láti Kambolé dé ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti ń tò ó.

Láti Tchamba sí Sokodé, irínwó fáránkì. Ọkọ̀ yẹn ní ìjókòó gidi, ó ní fèrèsé, ṣùgbọ́n fèrèsé náà kò ṣe é tì. Nígbà tí a kọjá afárá odò Mónò, omi rẹ̀ ti fà, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ láàárín àpáta. Níwájú díẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà ti fi okùn dábùú ọ̀nà. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, a mú ìwé wa jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yẹ àpò mi wò, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì inú rédíò.

Ó fi Faransé bi mí, "Kí ló wà nínú èyí?"

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?"

"Ohùn bàbá mi. Ó ti kú."

Ó dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbi tó ti yọ ọ́, ó tilẹ̀ fi aṣọ bò ó bí mo ṣe bò ó. Ó ní, "Pasé," ìyẹn ni pé kí n máa lọ.

Sokodé kún fún ariwo. Ọ̀nà ńlá tó ti Lomé wá gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí àríwá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè, alùpùpù sì pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ. Èdè Kòtòkólí ni gbogbo ènìyàn ń sọ, Háúsá ni wọ́n sì fi ń ná ọjà lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì. Mo ní "Nawa?", ìyẹn ni èló, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú èdè yẹn nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún fáránkì fún ẹyọ bátìrì kan, mo ra mẹ́fà. Mo jẹ iyán, èyí tí wọ́n ń pè ní fùfú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàràkàṣì, igba fáránkì ó lé àádọ́ta. Iṣu tiwa ni. Mo mọ iṣu Kambolé bí mo bá tọ́ ọ wò. Wọ́n rà á lọ́wọ́ wa lówó pọ́ọ́kú, wọ́n gún un, wọ́n wá tà á fún mi bí ẹni pé n kò rí i rí. Mo jẹ ẹ́ tán ṣá.

Ilé Àlàájì Mùmúní kò ṣòro láti mọ̀. Ó ti ń ta aṣọ lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti lọ Mẹ́kà. Mo dúró lẹ́nu géètì pupa kan, mo gbọn eruku ara mi dànù, mo sì ké sí wọn, "Sàlámù àlékùn."

Mo gbọ́ tí nǹkan onírin jábọ́ nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin arúgbó kan yọ láìwọ bàtà, ó di ògiri mú.

"Sùlè?" ó ní.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Ta ló kí mi nísinsìnyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọmọ Sùlè ni mí, láti Kambolé."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ohùn yẹn," ó ní. "Ohùn yẹn ló kí mi." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti ìdájí kò ràn mí lọ́wọ́ mọ́, mo kúnlẹ̀, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ẹni.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àdíjà, gbé omi wá. Mo ro ẹjọ́ mi. Mo ní màmá mi ló rán mi, mo sọ ìdí rẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi ní díìsìkì náà.

"Díìsìkì náà kò ní kúrò nílé yìí," Àlàájì ní. "Òun nìkan ló kù fún mi lára wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá ní kí n má jà, mo jà. Mo ní, "Bàbá, ẹ tà á nígbà tó wà láàyè, ẹ tún fẹ́ fi ohùn rẹ̀ pamọ́ nígbà tó ti kú." Mo rò pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ìyá Àdíjà dìde. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Kambolé nìyẹn?"

"Fi í sílẹ̀," Àlàájì ní. "Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ èyí fún mi. Ì bá sàn kí ó sọ ọ́." Ó yíjú sí mi. "Òótọ́ ni. Mo fi orúkọ náà sínú orin, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n fún mi láṣọ, wọ́n fún mi ní àga níwájú. Wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn sẹ́yìn mi pé kí wọ́n máa gbè é. Ràmátù, gbogbo wọn pọ̀ kò tó bàbá rẹ nìkan. Mo ń lé orin, mo ń dákẹ́ níbi tó yẹ kí ó ti dáhùn, etí mi ń wá a. Títí di òní ni mo ń pè, n kò gbọ́ kí ó jẹ́ mi."

Mo bi í pé ṣé wọn kò gbọ́ pé ó kú ni.

"Mo gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo wọkọ̀ dé Tchamba. Mo jókòó sí gáréèjì títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé inú ọkọ̀ Kambolé. Mo padà sílé." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Olùkọ́ ni mí."

"Kí ni àwọn ọmọ máa ń kọ láàárọ̀, kí wọ́n tó wọ kíláàsì?"

Orin ìyìn Ọ̀gá Àgbà yẹn kan náà ni. Ó mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Èmi ni mo sì ń kọ́ wọn, nítorí èmi ni mo ní ohùn. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí tú aṣọ tí mo fi wé rédíò.

Nígbà tó rí rédíò náà, tí mo sì ṣàlàyé pé ó lè gba orin sílẹ̀, ara rẹ̀ yá. Ó ní ohùn lè kúrò nílé náà, díìsìkì ni kò ní kúrò. Ó ti fèrèsé, nítorí àwọn aládùúgbò mọ̀ ọ́n sí Àlàájì. Ó gbé gíráàmù jáde lábẹ́ ibùsùn, ó yọ díìsìkì náà láti inú aṣọ funfun mẹ́ta tí ó fi dì í. Mo gbé rédíò síwájú ẹnu ẹ̀rọ náà, mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Ìyá Àdíjà jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Ó kọ́kọ́ ń dún ṣáṣá bí epo tó gbóná. Lẹ́yìn náà ni gìtá wọlé, ó tinrin, ó mọ́, ó ń sáré bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ tó wù ú. Àpótí tẹ̀ lé e. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé orin sókè, mo wo Àlàájì, n kò gbà pé òun ni. Ó ń kọ pé:

"Òjò ṣú lókè, ta ló kù lóko?"

Ó dákẹ́. Mo na ọrùn. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó jìnnà réré, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ní ilé kẹta. Olórin tún gbé e:

"Oòrùn wọ̀, ta ló kù lẹ́yìn?"

Bákan náà. Ààyè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti òjìji ohùn. Bó ṣe lọ títí ó fi parí nìyẹn. Mo tún un gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, nínú kásẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí òjìji náà mọ́, ìdákẹ́jẹ́ ni.

"Bàbá mi dà?" mo ní.

Àlàájì Mùmúní rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa ní Lomé, òun ló ń gba ohùn gbogbo wa. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré á sún mọ́ ọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ pọ̀ á jìnnà. Bí bàbá rẹ bá ti dáhùn, abẹ́rẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ á fò dé òpin. Ọkùnrin tó ń gba orin náà ní kí ó sún sẹ́yìn. Ó sún. Ó tún ní kí ó sún. Wọ́n sún un títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ibẹ̀ ló ti kọ gbogbo rẹ̀. Òun ló ní ohùn jù nínú wa, òun ni ohùn rẹ̀ kò sì wọlé."

Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ fún un pé ó dùn mí. Mo ní kí Àlàájì wá kọ apá bàbá mi fún mi, kí n lè mọ̀ ọ́n. Ó kọ̀. Ó ní àdéhùn kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn látilẹ̀wá, pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ mú apá ẹlòmíràn, kódà bí ó bá ń ṣàìsàn. Ó ní títí di òní, bí òun bá la ẹnu láti gbe apá Sùlè, apá tòun ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ló lè sọ fún mi. Ó pè é bí ẹni ń pe lẹ́tà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi láìmọ bí a ṣe ń gbé e.

Kí a tó yí díìsìkì sí ojú kejì, wọ́n pe ìrun. Ó dìde, ó dì í padà sínú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ojú kejì, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá," ó ní. "Sọ fún ìyá rẹ pé lọ́jọ́ tó bá jáde opó, màá kọjá Tchamba."

Mo sùn lọ́dọ̀ Ìyá Àdíjà, ó fún mi ní tùwó àti ọbẹ̀ ilá, ó sì dárí jì mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájì sìn mí dé gáréèjì. Ó dúró títí ọkọ̀ fi ṣí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, kò jù ú.

Ní Tchamba, Táírù ló tún gbé mi. Ó ti gbọ́ pé mo lọ gba orin wá, ó ní kí n fi sí i kí èrò gbádùn, òun kò sì ní gba àádọ́ta fún rédíò. Mo san àádọ́ta mi. Màmá mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbé e sórí itan, mo ń ronú pé ihò ni mo ń gbé lọ fún un. Mo ti lọ wá ohùn ènìyàn kan, ohùn ẹlòmíràn ni mo rí. Inú mi bàjẹ́ ní gbogbo ọ̀nà náà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ya Táírù lẹ́nu.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Màmá ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá. Mo sọ fún un kí ó má fọkàn sí i púpọ̀, mo sọ ti ẹ̀rọ Lomé àti ti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Fi sí i."

Gìtá wọlé. Mùmúní pè é: "Òjò ṣú lókè, ta ló kù lóko?" Ìdákẹ́jẹ́ dé. Mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Mùmúní tún pè é. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ tún dé, màmá mi pa ẹnu dé, ó sì kùn.

Ó kùn láìlanu, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kùn lóko. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí Mùmúní dákẹ́ sí, ó sì parí gẹ́lẹ́ kí Mùmúní tó tún bẹ̀rẹ̀. Kò ṣẹ́kù, kò lé. Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó là kedere.

"Kì í ṣe ebè ló ń kà," ó ní.

Mo rántí Àlàájì Mùmúní ní Sokodé, tó ń pè, tí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà òjò, fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ni bàbá mi ń jẹ́ ẹ láàárín ebè, pẹ̀lú ẹnu pípadé. Mo sunkún kíkan. Màmá kò sunkún. Ó ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí ìwé mi. Ó ń kùn, èmi ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé sórí ìkùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi bára mu. Nígbà kẹta, mo fi ìwé sílẹ̀, mo sì gbé e bó ṣe wá sí mi lọ́fun. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ràmátù, ohùn rẹ pọ̀ jù fún yàrá yìí. Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo lọ. Mo dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí mo dúró sí. Mùmúní ń pè láti inú yàrá:

"Òjò ṣú lókè, ta ló kù lóko?"

"Èmi rèé, mo ṣì wà níbẹ̀."

"Oòrùn wọ̀, ta ló kù lẹ́yìn?"

"Èmi rèé, mo ṣì wà níbẹ̀."

"Bí mo bá pè, ta ni yóò jẹ́?"

"Pè mí wò, màá jẹ́."

Nígbà tó parí, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá àfi kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí lásán. Màmá ti fa ìborùn bojú.

"Òun nìyẹn," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ wọlé lọ bá a. Ó ní kí n dúró níbẹ̀ ná, kí n má tíì wọlé.